Là Tí Kò Là

Ọkọ ọmọ mi ló rà á ní Táíwò, n'Ílọrin,
lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan tó ń tún rédíò ṣe.
Àpótí irin kékeré, kò ju páálí ọṣẹ lọ,
bọ́tìnnì mẹ́rin lórí, iná pupa kan bí ojú eku.
Ó ní, "Bàbá, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, gìtá yín á di dùrù."
Mo rẹ́rìn-ín.
Ogójì ọdún ni gìtá yìí ti wà lórí itan mi,
tó ń sunkún bí ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú,
kò bẹ̀ mí rí pé òun fẹ́ di nǹkan mìíràn.

Dùrù Òkè-Onígbìn ti kú kí n tó darúgbó.
Ikán jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, eku bímọ sínú ẹwìrì rẹ̀,
Tíṣà Owónibi tó ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e lọ lọ́dún kejì.
Láti ìgbà náà, ẹnu lásán la fi ń kọrin:
àwọn obìnrin a bẹ̀rẹ̀ lókè,
àwọn ọkùnrin a máa wá wọn kiri nísàlẹ̀,
ká tó dé ẹsẹ kẹta, a ti di ìjọ méjì.

Wọn ò kúkú fẹ́ gìtá mi nínú ilé Ọlọ́run.
Alàgbà Ìbíwoyè ní òun mọ ibi tó ti ń bọ̀,
òun mọ ohun tó fojú rí nílé ọtí ní Ọ̀fà.
Kò parọ́. Mo wà níbẹ̀.
Òun náà wà níbẹ̀.

Lóru ọjọ́ tí iná dé, mo so wáyà mọ́ wáyà,
mo gbé irin lé okùn, mo fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.
Yéè.
Ìró èékánná mi sọnù. Okùn kò ké "tín" mọ́,
ó kàn dìde, bí ẹni tó wọlé láìkànkùn,
ó sì dúró.
Adìẹ yírí nínú àgò.
Ìyàwó mi béèrè láti yàrá: "Ta ló kú?"

Àmọ́ dùrù kì í yọ̀. Àkàbà ni dùrù ń gùn,
ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ kan, bí aláṣọ funfun tó ń lọ síbi pẹpẹ.
Gìtá tèmi, orí àpáta tí òjò pa ló ti kọ́ ìrìn,
ó ń yọ̀ tẹ̀rẹ́ láti dó dé sò, kò mọ ilẹ̀kùn àárín.
Oṣù méjì ni mo fi kọ́ ọwọ́ òsì mi ní sùúrù:
gbé e sókè, gbé e lọ, sọ ọ́ kalẹ̀, má wọ́ ọ.
Ọwọ́ tó ti bàjẹ́ láti kékeré!

Ìkórè dé. Alàgbà ní kí n jókòó sẹ́yìn kọ́tìnnì.
A kọrin. Àwọn ọkùnrin rí ilẹ̀ tẹ̀.
Ibẹ̀ ni mo ti rántí.
Dùrù Tíṣà ní là kan tó ń ṣàìsàn,
là òkè, ó máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tó ń tiro.
Àwa ọmọdé a máa pè é ní là tí kò là.
Tíṣà kò tún un ṣe. Ó ní dùrù ló mọ ohun tó ń dun òun.
Kò sí dùrù tó lè mọ̀ọ́mọ̀ ṣìnà,
bí wọ́n bá ti kàn án ló ń dún.
Ṣùgbọ́n irin wà lọ́wọ́ mi.
Nígbà tí a dé là, mo fà á sẹ́yìn,
ìwọ̀n èékánná kan.

Màmá Owónibi, tí ojú rẹ̀ ti lọ láti ọdún mẹ́ta,
dìde ní ìjókòó kejì.
Ó kọjú sí igun tí dùrù wà tẹ́lẹ̀,
níbi tí à ń to àga ike sí báyìí.
Kò sunkún. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní:
"Ẹ sọ fún un kó má pẹ́ o. Iṣu ti jinná."

Iná pupa ń ṣẹ́jú, bátìrì ń tán lọ.
Ẹsẹ̀ mi wà lórí àpótí náà,
mi ò mọ bí ènìyàn ṣe ń gbé e kúrò.