Òṣó

Mo gbé tábìlì mi sábẹ́ igi máńgòrò
tó kọjú sí ilé ẹjọ́ ní Iléṣà.
Lẹ́tà ni mò ń kọ fún ẹni tí kò lè kọ:
ìwé ìbúra, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé "ẹ jọ̀wọ́, ẹ dákun".
Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kò mọ èdè wa tán;
bí mo bá fẹ́ kọ orúkọ ìlú yìí,
bírò ni mo fi ń to àmì sábẹ́ rẹ̀.

Ìyá Fárónbí dé láti Ìbòdì láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì.
Ó tú etí ìró, ó ka owó sílẹ̀,
owó tó ń rùn bí ata gbígbẹ.
"Ọmọ mi ni. Igbó ni wọ́n ká mọ́ ọn lọ́wọ́.
Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó ti lo mẹ́rin níbẹ̀.
Wọ́n ní òfin ìjọba àpapọ̀ ló rú,
pé ẹni tó jókòó l'Ábújà ló lè tú u sílẹ̀.
Kọ ọ́ sí i."

Mo yọ ìwé òfin orílẹ̀-èdè nínú àpò ìrẹsì.
Kò ní èèpo ẹ̀yìn mọ́, ikán sì ti jẹ létí.
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un bí agbára mi ti mọ:
Olórí orílẹ̀-èdè ni ọ̀gá àgbà àwọn ọmọ ogun,
ti ilẹ̀, ti omi, ti òfuurufú.
Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kéde ogun,
àfi kó gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn aṣòfin.
Òun ló ń yan mínísítà,
tí ilé aṣòfin àgbà á yẹ̀ wọ́n wò
bí ẹni ń yẹ iṣu wò kó tó sanwó.
Ọgbọ̀n ọjọ́ ló ní láti fọwọ́ sí òfin, tàbí kó kọ̀ ọ́.
Ó sì ti búra pé ohun tó wu òun
kò ní borí ohun tó yẹ òun.

"Èwo ló kan ọmọ mi níbẹ̀?"

Ó kù díẹ̀, Màmá.
Abala kárùndínlọ́gọ́sàn-án nìyí.
Ó lè dárí jì í. Ó lè dín ọdún rẹ̀ kù,
lẹ́yìn tó bá ti fi lọ Ìgbìmọ̀ Àgbà.

Ó dákẹ́. Ẹyẹ kan yàgbẹ́ sórí tábìlì.
"Lè," ni ó wí. "Lè nìkan?
Kò sí 'gbọ́dọ̀' níbẹ̀?"

Ọdún mọ́kànlélógún tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí,
ẹnikẹ́ni kò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
Mo tún ìwé náà ṣí.
"Gbọ́dọ̀" pọ̀ lójú ewé mìíràn:
ó gbọ́dọ̀ ka ohun ìní rẹ̀ sílẹ̀ kó tó gorí oyè,
ó gbọ́dọ̀ dáàbò bo ìwé yìí fúnra rẹ̀.
Ṣùgbọ́n níbi tí àánú wà, "lè" ni wọ́n kọ,
ilẹ̀kùn tí a kò tì, tí a kò sì ṣí.
Bóyá ó tọ́ bẹ́ẹ̀.
Àánú tí a bá fi tipá gbà, owó orí ni.
Mi ò sọ ìyẹn fún un.

"Ó ṣáà gbọ́dọ̀ ka lẹ́tà mi?"
Mo wá a títí. N kò rí i.

Ó wá rẹ́rìn-ín.
"Bàbá mi ta aṣọ àwìn dé Ìdànrè, dé Ìkàrẹ́.
Bí onígbèsè bá ní òun lè san án lọ́la,
bàbá mi kì í jà.
Òṣó ni í ló sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀,
títí 'lè' á fi di 'gbọ́dọ̀'."

Mo tẹ lẹ́tà náà lédè Gẹ̀ẹ́sì.
Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ó ní,
"Má kọ 'ẹ dákun'.
Kọ ọ́ pé ìyá rẹ̀ ti lóṣòó."
Mo wá Gẹ̀ẹ́sì tó tó o, kò sí.
Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an,
mo fi bírò to àmì sábẹ́ rẹ̀.
Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ sí i.

Mo dá ìdajì owó rẹ̀ padà.
Kò sí òfin tó ní kí n ṣe é.
Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó so ó mọ́ etí ìró.