Ìdábùú Ojú Irin

Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́, ọmọbìnrin tí mo lè bí ìyá rẹ̀.
Ó ní: "Bàbá Wòrú, ogójì ọjọ́, lójoojúmọ́, ẹ máa rìn.
Ẹ̀jẹ̀ yín ti ń dùn jù, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ ra oyin lọ́wọ́ yín."
Mo rẹ́rìn-ín. Inú mi ò dùn.
Ẹni tó fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ta tíkẹ́ẹ̀tì
ní ibùdókọ̀ rélùwéè Sábẹ̀ẹ́,
tó jókòó, tó nawọ́, tó gbowó, tó tún jókòó,
òun ni wọ́n ní kó wá di ẹlẹ́sẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ kìíní, mo jáde kí adìyẹ tó sọ̀ kalẹ̀ lórí igi.
Mo gba ojú irin lọ sí ìhà ibi tí àwọn àpáta wà,
wọ́n dúdú, wọ́n tutù, bí ẹran ńlá tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun.
Mo ń ka ìdábùú: ení, èjì, ẹ̀ta.
Ní àádọ́ta, èémí mi ń dún bí ayùn,
orúnkún òsì ń ké bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnìkan ò gbé mọ́.
Mo padà. Mo fi ẹfun fa ìlà kan sára àmù omi.

Ọjọ́ kẹta, ó wù mí. Ọjọ́ kẹfà, ó wù mí gan-an,
mo sọ fún Ṣàbí onízémì, mo sọ fún aránṣọ,
mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ fún ewúrẹ́.
Ọjọ́ kọkànlá, ó tutù bí ògì àná.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé àlejò ni ìwúrí.
Ó máa ń dé tòun ti ẹrù,
yóò jẹun, yóò yìn ọ́, yóò sì lọ láìdágbére.
Bàtà ni onílé.
Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí n tó sùn,
kí n má baà rí nǹkan kan rò láàárọ̀:
ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé, ẹsẹ̀ òsì wọlé,
ọkàn ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń kùn.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún, òjò rọ̀ ní tòótọ́.
Ọjọ́ kejìdínlógún, òjò ò rọ̀. Mo ní ó máa tó rọ̀.
Nígbà tí oòrùn yọ tán, mo gbé ẹfun,
mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo fẹ́ fa ìlà tí n kò rìn.
Àwẹ̀ró, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́fà,
ń họ ìdí ìkòkò ẹ̀kọ lẹ́bàá ibẹ̀.
"Bàbá, ṣé àmù ló rìn lónìí?"
Mo ju ẹfun sílẹ̀.
Àlàfo rẹ̀ wà níbẹ̀ dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti òjò.

Ìdábùú irínwó ó dín mẹ́fà kò sí níbẹ̀ mọ́;
àwọn kan ti yọ ọ́ tà fún àwọn tó ń ra irin àlòkù.
Ibẹ̀ ni mo máa ń dúró. Koríko ti bo irin mọ́lẹ̀.
Rélùwéè ò wá mọ́, ọdún ti gorí ọdún,
síbẹ̀ ojú irin ò dìde kó lọ wáṣẹ́ mìíràn.
Mo bú u. Mo ní: òmùgọ̀, ta lò ń dúró dè?
Ó pẹ́ kí n tó rí i pé èmi ni mo ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò bi imú léèrè bó ṣe ń dùn ún.

Ọjọ́ kẹrìndínlógójì, Ṣàbí pa zémì rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.
"Bàbá, ẹ gòkè, ọ̀fẹ́ ni."
Mo wo àga ọ̀kadà yẹn bí ẹni tó ń wo ẹran díndín lọ́jọ́ ààwẹ̀.
Mo ní kó máa lọ. Kò lọ.
Ó ń ti ọ̀kadà rẹ̀ bọ̀,
ó ń sọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ tó lọ sí Pàràkú tí kò tíì padà,
a sì kọjá ìdábùú tó sọnù láìmọ̀.

Lára àmù, ìlà méjìdínlógójì, àlàfo méjì.
Nọ́ọ̀sì yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ó ti wálẹ̀ díẹ̀, díẹ̀ náà ni.
Kò pàtẹ́wọ́. Mo ti rò pé yóò pàtẹ́wọ́.
Lóru yẹn mo dùbúlẹ̀, mo ní ó tán, mo ti san gbèsè.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ tí Àwẹ̀ró dìde nínú òkùnkùn,
ó ń wọ́ nǹkan nílẹ̀, wọ́rọ́, wọ́rọ́:
ó ń gbé bàtà mi lọ sẹ́nu ọ̀nà.
Ti òun náà ti wà níbẹ̀.