Ìyẹn Kọ́ Nìyí

Ọdún kẹta rèé tí mo ti ń walẹ̀ kiri Àkúrẹ́,
tí àwọn ará àdúgbò ń bi ìyá mi pé
ṣé ohun tí wọ́n rán ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ní yunifásítì nìyí,
kí ó máa ṣa ekòló sínú ike bọ́tà.

Mo ṣa ti etí odò Àlà, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò.
Mo ṣa ti oko kòkó bàbá àgbà lọ́nà Ọ̀dà,
lábẹ́ ewé tó ti jẹrà, tó ń gbóná díẹ̀ bí èémí ọmọdé.
Mo ka òrùka ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan,
mo ka irun tíntìntín tí wọ́n fi ń di ilẹ̀ mú,
mo wọn ìgbànú ọrùn wọn.
Ọ̀kan náà ni.
Mo kọ orúkọ kan ṣoṣo sára gbogbo ìgò,
mo sì lọ jẹ ẹ̀bà.

Ni Dókítà Akíndùró bá ní kí n gé ìrù wọn díẹ̀díẹ̀,
kí n rẹ ẹ́ sínú sípírítì, kí a lè ka àbùdá wọn.
Iná lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Jẹnẹrétọ̀ ń húkọ́ títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ́ mọ́.
Nígbà tí lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í tò lójú kọ̀ǹpútà,
ti Àlà ń lọ síhìn-ín, ti Ọ̀dà ń lọ sọ́hùn-ún,
bí ọmọ ìyá tó pínyà
kí ẹnikẹ́ni tó sọ òkè Ìdànrè lórúkọ.
Ìran méjì, awọ kan.
Wọ́n ń kọjá lára ara wọn nínú òkùnkùn,
wọn kò sì fẹ́ ara wọn rí.

Mo sáré jáde. Inú mi dùn bí ẹni rí owó he.
Lórí afárá Àlà, mo bá Fẹ̀hìntọ́lá, ọmọ ọdún mọ́kànlá,
pẹ̀lú ìwọ̀ àti agolo mílíìkì.
Mo ní, "Ǹjẹ́ o mọ̀ pé oríṣi méjì ni ekòló yìí?"
Kò tilẹ̀ wojú mi.
"Ta ni ò mọ̀? Àrọ̀ kì í jẹ ti oko kòkó.
Bí o bá fi kọ́ ìwọ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á kẹ̀yìn sí i.
Ti etí odò ló ń jẹ."

Mo jókòó tì í.
Ekòló júbà ilẹ̀, ilẹ̀ lanu;
èmi ò júbà ẹnikẹ́ni,
mo gbé ẹ̀rọ àti ìwé ńlá wá ti ilẹ̀kùn
tí ọmọdé ti ṣí sílẹ̀ tipẹ́.
Mo yọ bírò. "Kí lo ń pè wọ́n?"
Ó ní, "Èyí tí wọ́n ń jẹ. Èyí tí wọn ò jẹ."

Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.