Ẹ̀rọ Mẹ́ta Lórí Tábìlì Ìdáná

Ẹ̀rọ mẹ́ta ló wà lórí tábìlì ìdáná mi ní Kajaani.
Ọ̀kan jẹ́ ti Ilpo àbúrò mi, owó gọbọi ló fi rà á,
ó dúró ṣánṣán bí akọ̀wé báńkì,
ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, kò gbà ju ọ̀já fíìmù kan lọ lẹ́ẹ̀kan.
Èkejì, mo rà á lọ́wọ́ opó kan nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin,
pẹlẹbẹ bí àtẹ, dígí rẹ̀ ti ha,
ìdérí rẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn àjà.
Ẹ̀kẹta kì í tilẹ̀ ṣe ẹ̀rọ aṣàdàkọ:
kámẹ́rà Anneli ará ilé kejì, tí a gbé kọ́ sórí igi,
tó tẹjú mọ́ pátákó iná bí ẹyẹ apẹja tó ń wo odò.

Agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, ilẹ̀ kò tíì mọ́.
Oṣù Kejìlá níbí, oòrùn a yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó,
á ní òun kàn yà kí wa ni, á sì padà.
Kọfí ti tutù. Àpótí bàbá wa wà láàárín wa,
ẹgbẹ̀rin àwòrán ó lé díẹ̀, gbogbo rẹ̀ lódì:
yìnyín dúdú bí èédú,
eyín ìyá wa dúdú bí kóró iṣin,
òru funfun báláú, ọkọ̀ ojú irin funfun nínú rẹ̀.

Ilpo ní, "Ká dán wọn wò, ká mọ èyí tó mọṣẹ́."
A mú fíìmù kan ṣoṣo, a fi bọ gbogbo wọn lẹ́nu.

Ti Anneli yá jù. Kí o tó ṣẹ́jú, ó ti ṣe tán,
ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá rìn kọjá, igi a mì,
gbogbo ojú a wá dà bí ojú ẹni tó ń sunkún.

Ti Ilpo mú bí abẹ.
O lè ka bọ́tìnnì ẹ̀wù ìyá wa,
o lè ka irun imú ajá tó ti kú láti ọdún mẹ́tàlélógójì.
Ó tún ní ọgbọ́n kan: fúnra rẹ̀ ló ń fọ eruku.
Ó fọ eruku.
Ó fọ yìnyín tó ń já bọ́ sórí Ilpo ọmọ ọdún mẹ́fà,
ó fọ àmì dúdú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá wa,
ó rò pé ìdọ̀tí ni.
Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìlò rẹ̀
pé kí a má ṣe lo ọgbọ́n yẹn fún fíìmù aláìláwọ̀.
Ta ló ń ka ìwé ìlò?
Ilpo pa ọgbọ́n náà. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ padà.

Tèmi lọ́ra. Ìṣẹ́jú mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan,
ó ń kùn, ó ń sinmi, bí àgbà tó ń gun àtẹ̀gùn,
àwòrán rẹ̀ rọ̀ bí búrẹ́dì tí a rì sínú kọfí.
Ilpo rẹ́rìn-ín, ó ní owó mi jóná.

Ṣùgbọ́n dígí tó gbòòrò kì í yan ohun tí yóò rí.
Àwòrán tó pé ni ẹ̀rọ Ilpo ń wá; èyí tí kò pé, á fò ó.
Tèmi kó gbogbo rẹ̀ wá:
ihò etí fíìmù, nọ́ńbà, ipa àtàǹpàkò,
àti ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù gan-an, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ ẹ́ dé ìdajì,
bàtà méjì.

Bàtà òṣìṣẹ́ ojú irin.
Okùn ti ọ̀tún ti já, wáyà ni a fi dì í.
Bàbá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ki fíìmù bọ kámẹ́rà,
ó dojú rẹ̀ kọlẹ̀, ó tẹ ẹ́ lásán kó lè dé nọ́ńbà kìíní,
kò mọ̀ pé òun ya ara òun.

Ẹgbẹ̀rin àwòrán ó lé. Kò sí nínú ìyókù.

Ilpo yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.
"Wáyà yẹn," ó ní, "èmi ni mo bá a wá a."

Títí oòrùn fi dé tó sì lọ, a kò dá ẹ̀rọ kankan láre.
Mo gbé ìdérí sókè, ó ké.
Ilpo na ọ̀já fíìmù mìíràn sí mi:
"Bẹ̀rẹ̀ láti orí. Má gé etí rẹ̀."