Má Fọwọ́ Kan Ibí

Lókè ṣọ́ọ̀bù oníbàtà kan l'Òkè-Fìà ni ọ́fíìsì wa wà,
òórùn gọ́ọ̀mù ń gba àárín pákó gòkè wá.
Wọ́n fún mi ní àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú
àti kọ̀ǹpútà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí arúgbó tó gun òkè.
Ọ̀gá ní, "Iṣẹ́ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù nìyí.
Inú rẹ̀ rí wúruwùru díẹ̀. Tún un ṣe."

Díẹ̀ kẹ̀!
Ilé tí ẹni mẹ́rin kọ́ láìfojú kan ara wọn ni mo bá:
ẹnìkan la fèrèsé sínú àpótí aṣọ,
ẹnìkan gbé àtẹ̀gùn dúró, kò dé ibì kankan.
Fáìlì kan ń jẹ́ Tuntun. Àbúrò rẹ̀ ń jẹ́ Tuntun Kejì.
Lẹ́yìn wọn ni Ìkẹyìn, àti Ìkẹyìn Gan-an,
àti Ìkẹyìn Tí Mo Fi Ọlọ́run Búra.
Mo tún ọjọ́ oṣù ṣe nínú èyí,
nínú ìyẹn, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ di ẹni àádóje ọdún.

Múfútàù ló kọ ọ́. Ó ti wà ní Kánádà,
fóònù rẹ̀ ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e.
Ṣùgbọ́n ó fi ohùn sílẹ̀ láàrin àwọn ìlà kóòdù:
"Iná fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀ ná."
"Mi ò mọ ìdí tí èyí fi ń ṣiṣẹ́."
"Màá tún un ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀."
Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn ti di ọdún mọ́kànlá.

Nísàlẹ̀ pátápátá, bí òkúta nínú ìrẹsì:
"Bí nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ 412, má yọ kọ́bọ̀ kan.
Má fọwọ́ kan ibí."
Kò sọ ìdí. Kò bẹ̀bẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín. Màgòmágó ni, mo wí nínú ara mi,
ìbátan rẹ̀ kan ló ń bò láṣìírí.
Mo tẹ bọ́tìnnì kan ṣoṣo, ìlà náà pòórá.
Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ní ẹ̀fọ́ ni.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ra súyà, mo fi ṣe ara mi lóore.

Oṣù parí.
Ìyá kan ń gun àtẹ̀gùn wa bọ̀,
mo ń gbọ́ ọ bó ṣe ń kà á: ẹ̀wá, ọ̀kànlá, èjìlá.
Àwáwù lorúkọ rẹ̀. Ó tú ọ̀rá, ó yọ káàdì jáde,
ó nà án sí mi, kò pariwo:
"Ọmọ mi, ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ ni?"

Akọ̀wé Ẹgbẹ́ ló wá ìwé ìpàdé jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.
Eku ti jẹ etí ìwé, ọ̀rọ̀ ṣì kù:
"Ọkọ Àwáwù, káfíńtà, já bọ́ láti orí òrùlé gbọ̀ngàn wa.
Kò yè é. A ti pa gbèsè rẹ̀ rẹ́.
Kí ẹnikẹ́ni má bi opó rẹ̀ léèrè láéláé."

Àgbà méje ló jókòó ṣe ìlérí yẹn.
Múfútàù, ọmọdé, jókòó lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù,
ó wá ibi tí ìlérí ń gbé nínú ẹ̀rọ, kò rí i,
ó fi èékánná gbẹ́ ihò kékeré kan fún un.

Ìyá ìyá mi rẹ aṣọ láró títí ó fi kú n'Ísàlẹ̀-Ọ̀ṣun.
Kì í jẹ́ ká ha ìsàlẹ̀ ìkòkò.
Ìmẹ́lẹ́ ni mo pè é nígbà náà.

Iná ò sí lálẹ́. Mo yá jẹnẹrétọ̀ oníbàtà,
mo dá ìlà náà padà, mo kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀:
Rábíù, káfíńtà, òrùlé gbọ̀ngàn,
kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn mi má bàa rẹ́rìn-ín.
Ọ̀gá dá owó ìyá padà. Ìyá kà á lẹ́ẹ̀mejì.
"Ìwọ wá ni Múfútàù ìsinsìnyí?"
Mi ò mọ èsì. Mo ní, "Ẹ rọra sọ̀ o, Ìyá,
àtẹ̀gùn kẹta ti ń mì."

Àádóje ọdún yẹn ṣì ń yọjú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.
Mo ti kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé
màá tún un ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀.