Nọ́ńbà Kẹta

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù,
kí agogo ṣọ́ọ̀ṣì Òtàpẹ̀tẹ̀ tó dún,
mo ti tẹ́ ìró àtijọ́ sórí tábìlì,
mo ti sé ilẹ̀kùn, mo ti tú gbogbo ọta jáde
sínú agolo Bọ́nfítà.
Ìbọn ìléwọ́ náà sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó kọjú sí ògiri.
Òun kọ́ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Màgasínì mẹ́ta ni ìjọba fún mi.
Mo fi ọ̀dà èékánná ọmọ mi kọ nọ́ńbà sí wọn nídìí.
Sájẹ́ǹtì Fátúsìn ló kọ́ mi bẹ́ẹ̀,
ọkùnrin Ìpetu tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka owó:
"Ìbọn kì í purọ́. Ilé ọta ní í purọ́.
Wo ètè rẹ̀. Bí ètè bá ti yà,
ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó bọ́ á bọ́."

Mo wo ètè. Mo gbé e sí ojú fèrèsé,
níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ díẹ̀díẹ̀.
Mo fi àtàǹpàkò tẹ sípíríǹgì, ó tì mí padà.
Ó dáa. Ẹni tó ṣì lè tini padà kò tíì darúgbó.
Mo ki ọta òfo bọ̀ ọ́, mo fà á, mo tún fà á,
wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan
bí ọmọ ilé ìwé tí tísà ń pe orúkọ wọn.
Mo sọ ọ́ lu símẹ́ǹtì, mo gbé e,
mo tún dán an wò.

Abẹ́ bùbá ni mò ń gbé e sí, ní ìbàdí.
Òógùn, àtíkè, fọ́nrán òwú ìró,
eruku ọjà Àtàkúmọ̀sà,
inú rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wọ̀ lọ.
Mo fi búrọ́ọ̀ṣì eyín gbá a,
hóró ata gbígbẹ kan já bọ́.
Ta ni yóò gbà pé hóró ata
lè pa ọlọ́pàá?

Ọkọ mi yọjú, ó ní, "Òṣómàáló!
O ṣó ti irin bí ẹni pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè."
Mo rẹ́rìn-ín.
Irin ò jẹ mí ní gbèsè. Èmi ni mo jẹ ẹ́.

Nọ́ńbà kẹta.
Mo tẹ sípíríǹgì rẹ̀, kò tì mí,
ó kàn wolẹ̀ bí ẹ̀kọ tútù.
Ó pé ọdún mẹ́fà tó ti rí báyìí.
Ó yẹ kí n dá a padà sí yàrá ìbọn, kí wọ́n fọ́ ọ.
Mo kọ̀wé pé ó sọnù. Mo san owó rẹ̀.

Òru kan ni, ní Ìjòkà, NEPA ti mú iná lọ,
à ń wá àwọn tó ń jí ọ̀kadà gbé.
Ẹnìkan fò jáde lẹ́yìn kànga,
ohun dúdú gígùn kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó yẹ kí n pariwo. Mi ò pariwo.
Mo kọ́ ìbọn, mo fà á.
Kẹ́.
Ohùn kékeré, bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná.
Ọta ò dìde. Ó jókòó sínú ilé rẹ̀
bí àlejò tí kò gbọ́ pé wọ́n ń pe òun.
Ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Páìpù omi ló mú dání.
Ó ní, "Ẹ kú òru o, mà."
Ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ mi lẹ́nu.

Adéṣuyì lorúkọ rẹ̀. Ó ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Ìsọkùn báyìí.
Lọ́dún tó kọjá ó bá mi jó géètì mi pọ̀,
owó díẹ̀ ló gbà, ó ní èèyàn òun ni mí.
Kò mọ̀.
Mo bu omi fún un, mo sì wo ọrùn rẹ̀ bó ṣe ń gbé e mì.

Èkíní àti èkejì ti yege. Mo dá ọta wọn padà.
Ẹ̀kẹta, mo nù ún, mo kán epo sí i,
mo tẹ sípíríǹgì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i
kó tó padà sábẹ́ aṣọ nínú àpótí,
kí n lè mọ̀ dájú
pé kò tíì sàn.