Kọ́ọ̀pù Kẹrin

Láti èbúté Àgbádárìgì títí dé àárín ọ̀sà
Sẹ̀nàmí ò dákẹ́ ẹ̀rín:
"Ère àwọn ará Ṣáínà la fẹ́ lọ wò,
ẹ má sọ fún pásítọ̀ mi o."
Rẹ̀mílẹ́kún ló kọ́kọ́ rí i, ní ọdún kejì sẹ́yìn,
nígbà tí a ń ti òde òkú bọ̀,
orí funfun kan lókè igi àgbọn ní òdìkejì omi.
Ó ní, "Lọ́jọ́ kan, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á lọ kí bàbá yẹn."
A ní kò burú.
A ò tètè lọ.

Ó jókòó sáàárín àgbọn, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra.
Ojú rẹ̀ kò là, kò sì pa,
bí ojú ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú lóru,
tí oorun ń gbé lọ,
tí ọmọ ò sì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.
Ẹ̀gà ti kọ́lé sí etí rẹ̀ ọ̀tún.
Hùnsù, tó ṣe bíríkìlà kó tó di tíṣà,
fìka lu ère náà lórúnkún, kó, kó, kó:
"Sìmẹ́ńtì yìí dára.
Àmọ́ iyọ̀ òkun á jẹ irin inú rẹ̀."
Mo ní, kí ni iyọ̀ ò ní jẹ?
Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn.

Lẹ́yìn ère ni ilé àwọn afárí wà,
páànù pupa, wíńdò mẹ́ta, kànga kan.
Ọ̀kan nínú wọn ń gbálẹ̀,
aṣọ rẹ̀ pọ́n bí ọsàn, èjìká kan wà níta,
ó ń gbá iyanrìn kúrò lórí iyanrìn.
Atẹ́gùn ń dá a padà,
òun náà ń gbá a.
Sẹ̀nàmí fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà:
"Iṣẹ́ yìí kò lè tán láéláé."
Ọkùnrin náà gbọ́. Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń kọsẹ̀ díẹ̀:
"Bẹ́ẹ̀ ni, màmá. Kò lè tán."
Ó rẹ́rìn-ín
bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó oṣù fún.

Wọn kì í jẹun mọ́ tí oòrùn bá ti kọjá àtàrí.
Hùnsù mi orí: "Ọmọ Ègùn wo ló máa gba èyí?"
Ọkùnrin náà tẹ́ ẹní fún wa nínú ibòji,
ó ní, "Ẹ̀yin mélòó lẹ wá?"
Sẹ̀nàmí ló dáhùn, kò tilẹ̀ ronú:
"Mẹ́rin."
Èmi ò tún un ṣe.
Hùnsù wo ilẹ̀.

Kọ́ọ̀pù omi àgbọn mẹ́rin ló gbé wá.
A mu mẹ́ta.
Ìkẹrin wà lórí ẹní,
èèrà kan gun etí rẹ̀,
ó wo inú rẹ̀ fín-ín-fín,
ó padà sọ̀kalẹ̀.

Nínú ọkọ̀, Hùnsù ṣì ń sọ̀rọ̀ irin.
Sẹ̀nàmí ti dákẹ́.
Mo bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo:
ẹ̀gà ń wọ inú etí ńlá náà lọ,
koríko tútù lẹ́nu rẹ̀.